Ríra ilé bíríkì ní Chatham, Chicago: kí ló yẹ ká yẹ̀ wò kí a tó fọwọ́ síwèé?

AwáléKiri
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, gbogbo ilé. Chatham ní gúúsù Chicago ni ojú wa wà báyìí: bungalow bíríkì oníyàrá mẹ́ta, tó ní bésímẹ́ǹtì lábẹ́ àti gáráàjì lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò yìí tinú-tòde, ẹ dákun, kí ló yẹ ká wò lára ilé, kí ló yẹ ká bi ẹni tó ń tà á, owó wo ló sì máa ń jáde lójijì lẹ́yìn tí èèyàn bá ti kó wọlé? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ìyàwó ń ṣe, ọkọ̀ èrò ni yóò máa wọ̀ lọ.

Àkànní_Gúúsù
Ẹ káàbọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí Chatham parí sí, torí àwọn tó ń ta ilé máa ń na orúkọ yẹn kọjá ààlà rẹ̀. Àdúgbò 77 ni wọ́n pín Chicago sí, Chatham sì ni nọ́ńbà 44. Òpópónà 79th ló wà lókè, 95th ló wà nísàlẹ̀, lọ́wọ́ ìwọ̀ oòrùn ó kọjá ọ̀nà márosẹ̀ Dan Ryan díẹ̀, ojú irin Metra Electric wà lọ́wọ́ ìlà oòrùn. Nǹkan bí 31,000 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀. Ilé tó bá wà ní 75th, Greater Grand Crossing ni, bó ti wù kí ìpolówó rẹ̀ pariwo Chatham tó. Kò sí àbùkù nínú gbígbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi iye tí wọ́n ta ilé kan níbẹ̀ díye lé ilé tó wà ní 84th.

Nọ́ńbà ilé gan-an máa ń júwe ibi tí ilé wà. Ibi tí State Street ti pàdé Madison láàárín ìlú ni òdo, 800 sì ni máìlì kan. Nítorí náà ilé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 8300 sókè lójú títì Calumet wà láàárín 83rd àti 84th. King Drive wà ní 400 East, ìdajì máìlì sí State. Cottage Grove wà ní 800 East, máìlì kan gbáko. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń ṣírò ìrìn ẹsẹ̀, torí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Red Line ti 79th, 87th àti 95th wà láàárín Dan Ryan, nítòsí State.

Ẹ tún mọ irú àdúgbò tí ẹ ń lọ. Láàárín 1950 sí 1970 ni àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ àti òwò tiwọn ra Chatham nílé-nílé. Kò rọrùn fún wọn: nígbà tí Mahalia Jackson, olórin ẹ̀mí, ra ilé tirẹ̀ níbẹ̀ ní 1956, àwọn tí kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ yìnbọn wọ ojú fèrèsé rẹ̀. Báǹkì Seaway, ti àwọn aláwọ̀ dúdú, ṣí ní 1965; Johnson Products, ilé iṣẹ́ ìpara irun tó jẹ́ tiwọn náà, wà lẹ́bàá 85th nígbà náà. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó kọ́kọ́ ra ilé náà, tàbí àwọn ọmọ wọn, ló ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ni ẹ ó máa bá gbé, wọ́n sì máa ń tọ́jú ilẹ̀ iwájú ilé wọn bí ẹní ń tọ́jú ọmọ tuntun.

Pólọ́ńbà_Chi
Ọ̀rọ̀ omi ni tèmi. Ẹ fara balẹ̀ kà á, torí òun ló ń gba owó lọ́wọ́ onílé Chatham ju ohunkóhun lọ.

Ilẹ̀ àbàtà ni ibẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé sí i. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì sí odò nítòsí, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wálé fi máa ń rò pé omi kò lè yalé. Kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Páìpù kan náà ni Chicago fi ń kó omi òjò àti omi ìdọ̀tí ilé lọ. Bí òjò ńlá bá rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, páìpù ìjọba lábẹ́ títì á kún dẹ́nu, omi á sì máa wá ibi tó rẹlẹ̀ jù tí yóò gbà yọ. Ibẹ̀ ni ihò omi tó wà nílẹ̀ bésímẹ́ǹtì yín. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn káàkiri ìlú ní oṣù Kẹrin 2013. Ihò ńlá tí wọ́n ń pè ní Deep Tunnel, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ní 1975, ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n páìpù tóóró àdúgbò lomi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kó tó débẹ̀.

Bí ẹ bá dé bésímẹ́ǹtì lọ́jọ́ tí ẹ lọ wòlé, ẹ má gbójú sókè. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn onígi, ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ agbóná-ilé àti ìsàlẹ̀ táńkì omi gbígbóná ni kí ẹ wò: ìpẹtà ibẹ̀ kì í parọ́. Ìlà funfun tó dà bí iyọ̀ lára ògiri fi ibi tí omi ń gbà wọlé hàn. Bí ọ̀dà bá tuntun ní ìsàlẹ̀ ògiri nìkan, tàbí tí wọ́n gbé gbogbo ẹrù lé orí búlọ́ọ̀kù, ẹ béèrè ìdí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba pólọ́ńbà tó ní kámẹ́rà. Ayẹ̀léwò tí ẹ sanwó fún kì í sábà wo inú páìpù ìdọ̀tí, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ilé tí wọ́n kọ́ láàárín 1920 sí 1930, páìpù amọ̀ oní 6 íǹṣì ló sábà máa ń ní, tí wọ́n to ní kúkúrú-kúkúrú. Ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ ni gbòǹgbò igi ojú títì ń gbà wọlé. Ẹ ní kí wọ́n ṣí omi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20 kí kámẹ́rà tó wọ̀ ọ́, kí ibi tí páìpù ti tẹ̀ wọlẹ̀ lè hàn, torí omi á dúró síbẹ̀. Kí kámẹ́rà dé orí páìpù ìjọba lábẹ́ títì, kí wọ́n sì fún yín ní fídíò rẹ̀. Gbòǹgbò ṣeé gé, ibi tó tẹ̀ wọlẹ̀ tàbí tó wó kò ṣeé ṣe láìwalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ títì ló ti wó, ẹ pe 311, nọ́ńbà fóònù ìjọba ìlú, kí àwọn ará Department of Water Management, ẹ̀ka omi ìlú, wá wò ó kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń dá omi náà dúró.

Èkíní ni páìpù kúkúrú tí wọ́n ń dè mọ́ ihò ilẹ̀, kí omi lè gun inú rẹ̀ dípò kó tú jáde. Kò wọ́n. Àmọ́ bí omi bá ga ju páìpù náà lọ, ó ti bọ́. Bí kò bá sì ga jù ú lọ, agbára tó fi ń tì lábẹ́ ilẹ̀ lè la páìpù amọ̀ àtijọ́. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ibi ìwẹ̀ bá sì wà nínú bésímẹ́ǹtì, ibẹ̀ ni omi á gbà jáde.

Èkejì ni fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà, tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ níwájú ilé. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: nígbà tí fáàfù bá ti padé, omi ilé yín náà kò lè jáde. Kò sí ìwẹ̀, kò sí ìfọṣọ, títí òjò á fi dá. Bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé yín bá ṣì ń tú sínú páìpù kan náà lẹ́yìn fáàfù, omi orí òrùlé ara yín ni yóò kún bésímẹ́ǹtì. Àṣìṣe tó pọ̀ jù lórí iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ gé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kúrò lára páìpù ilẹ̀, kí ẹ dí ojú páìpù náà pa, kí ẹ sì darí omi sí ẹ̀yìnkùlé tàbí iwájú ilé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 6 sí ìpìlẹ̀. Àlàfo láàárín ilé méjì kò fẹ̀ ní Chatham. Ẹ má da omi yín sí ògiri aládùúgbò.

Ẹ̀kẹta ni pé kí wọ́n gbé páìpù ìdọ̀tí ilé gba òkè bésímẹ́ǹtì jáde, kí ohun tó bá wà nísàlẹ̀ máa tú sínú kòtò tí pọ́ǹpù ti máa gbé e sókè. Òun ló dájú jù lọ. Owó rẹ̀ máa ń kọjá $10,000 dáadáa, ó ń fẹ́ ìwé àṣẹ ìlú, pọ́ǹpù náà sì gbọ́dọ̀ ní bátìrì, torí òjò tó ń fa omi yìí náà ló máa ń mú iná lọ.

AwáléKiri
A dúpẹ́ gidigidi, ọ̀gá. Ẹni tó ń ta ilé kan sọ pé fáàfù ti wà níbẹ̀. Ṣé ká gbà bẹ́ẹ̀?

Pólọ́ńbà_Chi
Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìlú tí wọ́n fi rì í àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ níṣojú yín: ilẹ̀kùn inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣí kó sì máa padé wọ́ọ́rọ́. Bí ọ̀rá àti bébà bá ti dì mọ́ ọn, kò ní padé lọ́jọ́ òjò. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló yẹ kí wọ́n máa fọ̀ ọ́. Kẹ́yìn, ẹ yí ilé po kí ẹ wo ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan parí sí.

Ìyá_Ìbejì79
Mo fẹ́ fi méjì kún ọ̀rọ̀ ọ̀gá pólọ́ńbà. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó omi tó bá gba ihò ilẹ̀ wọlé. Ẹ gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n fi àfikún fún omi páìpù ìdọ̀tí sí i, kí ẹ sì wo iye tó lè san: àfikún $5,000 kò tó fún bésímẹ́ǹtì tó ní yàrá, ẹ̀rọ ìgbóná àti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Bí omi bá sì ti wọlé, ohun tó bá rin nínú ògiri gbọ́dọ̀ jáde láàárín wákàtí 24 sí 48 kí èbu tó hù. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí bésímẹ́ǹtì Chatham.

Èkejì ni omi mímu. Títí di 1986 ni òfin Chicago fi ń béèrè pé kí páìpù tó gbé omi wọ ilé kékeré jẹ́ òjé, nítorí náà ẹ gbà pé òjé ni ti ilé tí ẹ fẹ́ rà títí ẹ ó fi rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá páìpù tó gba ara ògiri iwájú wọ bésímẹ́ǹtì kó tó kan mítà, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha á díẹ̀. Bó bá dán bíi fàdákà, tó rọ̀, tí mágínẹ́ẹ̀tì kò sì lẹ̀ mọ́ ọn, òjé ni. Ẹ pe 311, ìlú máa ń fún onílé ní ike ìyẹ̀wò omi lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n tó pààrọ̀ páìpù, ẹ ra asẹ́ tí wọ́n kọ NSF 53 sí lára fún òjé, kí ẹ jẹ́ kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún lówùúrọ̀. Síse kò lè yọ òjé kúrò. Ẹ má sì pọn omi gbígbóná láti ẹnu ẹ̀rọ fi ro èbà tàbí fi po wàrà ọmọ; omi tútù ni kí ẹ pọn, kí ẹ sè é fúnra yín.

Bírikìlà60619
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ilé tó wà nínú àwòrán tí wọ́n fi ń polówó Chatham, bungalow Chicago ni. Nǹkan bí 80,000 irú rẹ̀ ló wà ní ìlú náà, láàárín 1910 sí 1940 ni wọ́n kọ́ wọn. Bíríkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára rẹ̀. Ti iwájú le, ojú rẹ̀ sì dán. Ti ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn rọ̀, ó ń fa omi, ó sì ń mí. Ẹni tí kò bá mọ èyí ló ń ba ilé jẹ́.

Bí àpòpọ̀ tó wà láàárín bíríkì bá ti ń ya, wọ́n á gbẹ́ ẹ jáde, wọ́n á sì fi tuntun dí i. Àpòpọ̀ tuntun yẹn gbọ́dọ̀ rọ̀ ju bíríkì lọ: Type N, tàbí Type O tí láìmù rẹ̀ pọ̀ sí i. Bí bírikìlà bá gbé Type S wá torí pé ó le, ẹ dá a dúró. Omi tó wọ inú ògiri kò ní rí àlàfo gbà jáde mọ́, bíríkì fúnra rẹ̀ ni yóò gbà jáde, bí yìnyín bá sì mú un ní oṣù Kìíní, ojú bíríkì á máa ṣí bí èèpo. Bákan náà ni ọ̀dà àti òróró tí wọ́n ń fi dí ojú bíríkì. Bí ẹ bá rí bungalow tí wọ́n ti kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ gbá a, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ti ṣófo lábẹ́.

Ẹ gbójú sókè wo orí fèrèsé. Irin ló gbé bíríkì dúró níbẹ̀. Bó bá dógùn-ún, á wú, á sì gbé bíríkì sókè. Ìlà tó ya bí àtẹ̀gùn láti igun fèrèsé, irin yẹn ni ẹ kọ́kọ́ fura sí kí ẹ tó sọ pé ìpìlẹ̀ ló ń rì. Apá ìjáde èéfín tó yọ sókè òrùlé ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára gbogbo bíríkì ilé.

Bí yìnyín gbọọrọ bá ń rọ̀ létí òrùlé nígbà òtútù, ooru ilé ló ń jò gba àjà lọ. Ẹ dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà, níbi wáyà, páìpù àti ẹ̀gbẹ́ ìjáde èéfín, kí ẹ tó da ohun amóoru sí àjà. Bí ẹ bá lo cellulose, ìyẹn bébà tí wọ́n lọ̀, bí íǹṣì 14 ló ń fúnni ní R-49 (R ni ìwọ̀n bí ó ṣe ń dá ooru dúró tó). Ẹni tó da ohun amóoru láìdí ihò ti fowó ṣòfò. Chicago Bungalow Association máa ń kọ́ onílé ní nǹkan báyìí. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Díẹ̀ lára Chatham wà nínú ìwé ìtàn orílẹ̀-èdè, bí àpẹẹrẹ West Chatham Bungalow Historic District. Èyí kì í ṣe ìdènà fún onílé tó ń ná owó ara rẹ̀. Àǹfààní ló lè jẹ́: bí ilé náà bá wà lára èyí tí wọ́n kà mọ́ ìtàn, tí ẹ ń gbé inú rẹ̀, tí àtúnṣe tí ìjọba ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí sì tó ìdá 25 nínú 100 iye tí Assessor, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń díye lé ilé, kọ, Illinois lè dí iye ilé náà mọ́lẹ̀ fún ọdún 8 lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Akáǹtì_Ìdílé
Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan owó orí ilé, mo ní láti kìlọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tó ń bọ́ sọ́jà ní Chatham, ti àgbàlagbà ni. Owó orí tó wà nínú ìpolówó jẹ́ ti ẹni tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń gba ìdẹ̀rùn àgbà (ẹ̀dínkù owó orí), tí wọ́n sì ti lè dí iye ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Bí ilé bá di tiyín, gbogbo ìdẹ̀rùn yẹn bá a lọ. Ẹ gba nọ́ńbà PIN ilé náà (nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ fún owó orí), òǹkà 14 ni, kí ẹ wò ó lórí ojú òpó Assessor ti Cook County kí ẹ lè rí ìdẹ̀rùn tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì tún ìṣirò náà ṣe láìsí wọn.

Bí ìṣirò náà ṣe ń lọ nìyí. Ká ní iye ilé jẹ́ $200,000. Ìdá 10 nínú 100 ni wọ́n máa mú: $20,000. Wọ́n á sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú òǹkà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbé jáde lọ́dọọdún, ká fi í sí 3: $60,000. Ìdẹ̀rùn onílé tó ń gbé inú ilé rẹ̀ á yọ $10,000: ó ku $50,000. Bí owó orí bá jẹ́ ìdá 7 nínú 100, $3,500 ni ẹ ó san. Ẹni tí kò gba ìdẹ̀rùn onílé á san $4,200. Ẹ rí i pé ẹ gbà á. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ ṣì lè béèrè fún ọdún mẹ́ta tó kọjá.

Owó ọdún tó kọjá là ń san lọ́dún yìí. Apá kìíní jẹ́ ìdá 55 nínú 100 àpapọ̀ ti tẹ́lẹ̀, apá kejì ló ń gbé àtúnṣe wá. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún ilé Chicago díye: 2021, 2024, 2027. Bí iye náà bá ga ju ti ilé bíi tiyín nítòsí, ẹ pẹjọ́ lọ́dọ̀ Assessor, bí wọn kò bá gbọ́, ẹ lọ sí Board of Review, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kó ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún tó jọ tiyín ní ìwọ̀n àti ọjọ́ orí wá fi ṣe ẹ̀rí.

Lọ́yà_Ìwéilé
Nítorí pé owó orí ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tó tà gbọ́dọ̀ dá owó tó jẹ́ tirẹ̀ padà fún yín lọ́jọ́ ìfọwọ́síwèé. Bí ìdẹ̀rùn àgbà bá wà lórí ilé náà, ẹ má gba kí wọ́n fi bíìlì kékeré yẹn ṣírò láìsí àdéhùn pé a ó tún un ṣírò nígbà tí bíìlì gidi bá dé.

Ilé ogún pọ̀ níbẹ̀. Bí orúkọ tó wà nínú ìwé ilé bá jẹ́ ti olóògbé, ọmọ kan kò lè dá ilé tà nígbà tí àwọn àbúrò wà, àfi bí ilé ẹjọ́ bá ti fún un láṣẹ. Bí wọ́n bá ń gba ìdẹ̀rùn àgbà lọ lẹ́yìn ikú onílé, Cook County lè béèrè owó náà padà pẹ̀lú ìtanràn, wọ́n sì lè gbé gbèsè náà lé orí ilé. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà wá èyí.

Nínú fọ́ọ̀mù àdéhùn tí wọ́n sábà ń lò ní Chicago, ọjọ́ iṣẹ́ 5 ni lọ́yà ní láti yẹ̀ ẹ́ wò, láàárín ọjọ́ márùn-ún náà ni ayẹ̀léwò máa ń parí iṣẹ́. Nítorí náà ẹ ti bá pólọ́ńbà oníkámẹ́rà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹni tó rà máa ń san $3.75 fún ìlú lórí $500 kọ̀ọ̀kan. Lórí ilé $250,000, $1,875 nìyẹn. Ìlú kò ní ta sítám̀pù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ilé láìrí ìwé pé gbèsè omi ti parí.

AwáléKiri
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ti àwọn aládùúgbò.

Àkànní_Gúúsù
Red Line ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, òun ló dára fún nọ́ọ̀sì alẹ́. Metra Electric yára, ó sì ní ibùdó ní 79th, 83rd, 87th àti 91st, ṣùgbọ́n àárín ọkọ̀ kan sí èkejì máa ń jìnnà. Ẹ wo àkókò rẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀sì 4 gba Cottage Grove lọ títí dé ilé ìwòsàn University of Chicago. Bọ́ọ̀sì 79 àti 87 ló ń gbé èèyàn lọ sí Red Line. Ẹ wá ilé tí ẹ lè rìn dé ibùdó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó mọ iyì rẹ̀ ní oṣù Kejì.

Ní ti yìnyín, òfin ni pé kí onílé kó o kúrò lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Èyí tó bá rọ̀ lọ́sàn-án gbọ́dọ̀ kúrò kó tó di aago 10 alẹ́. Tòru, kó tó di aago 10 àárọ̀. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní sítíkà ìlú láàárín ọjọ́ 30 tí ẹ bá kó dé. Láti 1 Oṣù Kejìlá sí 1 Oṣù Kẹrin, àwọn òpópónà ńlá kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ sí láàárín aago 3 sí 7 òru, kódà bí yìnyín kò bá rọ̀. Ẹ ka àkọlé tó wà lára òpó, wọ́n á fà á lọ.

Ààbò yàtọ̀ láti ojúlé kan sí èkejì. Ẹ lọ síbẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀, ẹ tún lọ lọ́sàn-án Sátidé, kí ẹ sì lọ jókòó ní ìpàdé CAPS tí ọlọ́pàá ń bá ará àdúgbò ṣe, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń rojọ́ lé lórí. Ní ìkángun ọ̀pọ̀ títì, ẹ ó rí pátákó ẹgbẹ́ ojúlé náà: má fọ ọkọ̀ níwájú, má pariwo orin, má kó jọ sí ojú ọ̀nà. Wọ́n mọ̀ ọ́n lófin lóòótọ́. Bí ẹ bá ti kó wọlé, ẹ wá ààrẹ ẹgbẹ́ náà lọ kí i, kí ẹ sì máa san owó ẹgbẹ́. Bí ìnáwó bá dé, ìsọmọlórúkọ tàbí ọjọ́ ìbí, ẹ sọ fún ojúlé ọ̀tún àti òsì ṣáájú, kí àlejò má ṣe dí ẹnu gáráàjì ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ilé. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n pa títì náà dé, ọ́fíìsì alderman, aṣojú àdúgbò nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ni ẹ ó ti gba ìwé àṣẹ, ẹ sì gbọ́dọ̀ bá gbogbo ojúlé sọ ọ́ kí ẹ tó lọ.